Àìsàn Akúra

Àìsàn akúra ni kí nǹkan ọmọkùnrin má le, tàbí kó le ṣùgbọ́n kó rọ̀ kí ìbálòpọ̀ tó parí, tí èyí sì ń ṣẹlẹ̀ léraléra fún oṣù díẹ̀. Kì í ṣe àìrọ́mọbí: ẹni tí tirẹ̀ ń le dáadáa lè má lè fún obìnrin lóyún. Ní Ìjẹdẹ ní ìpínlẹ̀ Èkó, bíi ti Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Bó bá pẹ́, wọ́n á ní ọwọ́ ọ̀tá ni. Ọkùnrin tó ń tijú á máa pẹ́ níta, á máa kanra, ìyàwó á sì rò pé ó ti ní àlè. Ìgbéyàwó mìíràn ti tú lórí ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ jáde. Bẹ́ẹ̀, ìwádìí kan tó jáde ní 2003 rí i pé nínú àwọn ọkùnrin Nàìjíríà tó wá rí dókítà, bí ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìṣòro yìí, díẹ̀ tàbí púpọ̀. Àwọn tó wá sílé ìwòsàn nìyẹn o, kì í ṣe gbogbo ìlú.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń mú nǹkan ọmọkùnrin le. Bí ara bá dìde, àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ya wọlé. Àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti sìgá máa ń ba àwọn iṣan wọ̀nyí jẹ́. Nítorí pé ti ibẹ̀ tín-ín-rín ju ti ọkàn lọ, òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ dí. Àrùn ọkàn lè tẹ̀ lé e láàárín ọdún méjì sí márùn-ún. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni kà á sí ọ̀rọ̀ iyàrá nìkan.

Wọ́n lè ní ìrònú ló ń fà á. Òótọ́ ni fún àwọn kan, pàápàá ọ̀dọ́ tí tirẹ̀ ṣì ń le láàárọ̀ kùtù. Wọ́n tún lè ní àgbo ni bàbá wa lò. Ṣùgbọ́n a ti bá sildenafil, oògùn akúra tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1998, nínú ọjà tí wọ́n ń pè ní egbòogi lásán. Bí ẹni tó ń lo nitrate fún àyà dídùn bá gbé e mì, ó lè kú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn náà lè dá kún akúra; dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀, kí aláìsàn má dá a dúró fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó ra paraga, ẹ lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wò ní ọsibítù ìjọba.