Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba ní Sabon Gari, Kánò: Àwọn Ọmọ Ìgbìmọ̀ àti Iṣẹ́ Wọn

Ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni àkójọ àwọn ènìyàn tí òfin tàbí ìlànà ìjọba fún láṣẹ láti mójú tó bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ ní àdúgbò kan. Ní Sabon Gari, ìlú Kánò, kì í ṣe ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìpele mẹ́ta ni ó pín sí: ìgbìmọ̀ tó wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, àjọ ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, àti àjọ ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń jókòó nínú wọn, agbára tí wọ́n ní àti èyí tí wọn kò ní, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwọn Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní Kánò láti ìran dé ìran.

Sabon Gari àti àwọn olùgbé rẹ̀

Ní èdè Hausa, ìtumọ̀ "Sabon Gari" ni "ìlú tuntun". Nígbà tí ojú irin dé Kánò ní ọdún 1911, ó kó àwọn akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, oníṣẹ́-ọwọ́ àti oníṣòwò láti gúúsù wá. Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí àwọn àlejò wọ̀nyí máa gbé inú odi ìlú àtijọ́. Wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn odi. Yorùbá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, àwọn Igbo àti àwọn ẹ̀yà mìíràn sì pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Lónìí, abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Fagge ni Sabon Gari wà.

Ẹni tó bá mọ Sábo ní Ìbàdàn yóò tètè mọ irú ibi tí à ń wí. Ní ọdún 1916 ni wọ́n dá Sábo Ìbàdàn sílẹ̀ fún àwọn Hausa tó ń ṣòwò obì àti màlúù ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìtàn kan náà ni, àwọn tó jẹ́ onílé àti àwọn tó jẹ́ àlejò nìkan ló yí ipò padà. Ìbéèrè kan náà ni ibùdó méjèèjì sì gbé kalẹ̀: ta ni yóò kọ́ ọmọ àlejò, ta ni yóò sì sọ̀rọ̀ fún un níbi tí a ti ń pinnu?

Bí àbójútó ilé-ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀

Èrò pé ó yẹ kí ìgbìmọ̀ máa bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ ti pẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882, tí a ṣe fún Gold Coast àti Èkó nígbà tí wọ́n wà lábẹ́ àkóso kan, dá ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ àpapọ̀ sílẹ̀, ó sì fún un láṣẹ láti yan àwọn ìgbìmọ̀ àdúgbò. Lẹ́yìn tí Èkó dá dúró, ó ní òfin tirẹ̀ ní ọdún 1887. Gómìnà, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ aṣòfin, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn tí gómìnà fọwọ́ yàn ló wà nínú ìgbìmọ̀ tí òfin náà dá sílẹ̀. Kò sí ààyè fún òbí níbẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni ti Kánò gbà. Ní ọdún 1909, Hans Vischer bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Nassarawa fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Hausa. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fi àyè gba àwọn míṣọ́nnárì fàlàlà láti ṣiṣẹ́ láàárín àwọn Mùsùlùmí ìlú àtijọ́, ṣùgbọ́n ó gbà wọ́n láàyè ní Sabon Gari. Nítorí náà, ọwọ́ ìjọ Kristẹni àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni ẹ̀kọ́ ìwé Sabon Gari kọ́kọ́ wà. Àwọn òbí ló ń dáwó, àwọn àgbà ìjọ àti olórí ẹgbẹ́ ló ń yan olùkọ́. Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá náà kò fi ilé-kéwú tiwọn ṣeré. A lè sọ pé àwùjọ ti ní ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kí ìjọba tó fún un ní orúkọ.

Nígbà tí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ gba àkóso ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì ní àwọn ọdún 1970, tí ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún 1976, iye ọmọ pọ̀ sí i gidigidi, ṣùgbọ́n agbára kúrò lọ́wọ́ àdúgbò. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbé àkóso náà kiri. Òfin ọdún 1988 dá àjọ àpapọ̀ kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1991 wọ́n fagi lé e, wọ́n sì gbé ẹrù náà lé ìjọba ìbílẹ̀ lórí. Ní 1993 wọ́n dá àjọ náà padà, pẹ̀lú àjọ kan ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti òmíràn ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ fún Gbogbo Ọmọ ti ọdún 2004 ló gbé ètò tí a ń lò lónìí kalẹ̀.

Ìpele kìíní: ìgbìmọ̀ inú ilé-ẹ̀kọ́

Ìgbìmọ̀ yìí, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí SBMC, ló sún mọ́ òbí jù lọ. Láàárín ọdún 2005 sí 2006 ni ìjọba gba ìlànà rẹ̀ wọlé pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní i. Kánò wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí ètò ESSPIN, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, ti kọ́ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ láàárín ọdún 2008 sí 2017. Àwọn tó máa ń wà nínú rẹ̀ nìwọ̀nyí:

- alága, tí a yàn láti inú àwùjọ, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà;
- ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tó ń ṣe akọ̀wé;
- aṣojú àwọn olùkọ́;
- aṣojú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́;
- aṣojú àwọn obìnrin;
- aṣojú olórí àdúgbò àti ti àwọn ẹlẹ́sìn;
- aṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti àwọn oníṣẹ́-ọwọ́;
- aṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lọ́kùnrin àti lóbìnrin.

Kò sí owó-oṣù nídìí iṣẹ́ yìí. Ohun tí ìgbìmọ̀ náà ń ṣe ni pé ó ń kọ ètò ìdàgbàsókè ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó ń ṣọ́ bí olùkọ́ àti ọmọ ṣe ń wá sẹ́nu iṣẹ́, ó ń mójú tó owó àti ohun ìní ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ń lọ bá òbí tí ọmọ rẹ̀ ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Ìpele kejì: àjọ ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀

Ní Fagge, bí ó ti rí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 44 tó wà ní Kánò, àjọ kan wà tí Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́ jẹ́ olórí rẹ̀. Àwọn olórí ẹ̀ka ló ń bá a ṣiṣẹ́: ẹ̀ka òṣìṣẹ́, ẹ̀ka owó, ẹ̀ka àbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹ̀ka tó ń bá àwùjọ ṣe pọ̀. Láti ìgbà òfin 1993 ni iṣẹ́ irú àjọ yìí ti hàn kedere: ṣíṣe àkóso ojoojúmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbígba àwọn òṣìṣẹ́ ìpele ìsàlẹ̀ àti gbígbé wọn láti ibì kan sí ibòmíràn, pípín ìwé àti ohun èlò, títún ilé ṣe, àti rírí i pé àwọn ọmọ wọlé, wọn kò sì sá. Ní ti àwọn olùkọ́ ìpele òkè, àbá nìkan ni ó lè gbé lọ sí ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀.

Ìpele kẹta: àjọ ti ìpínlẹ̀

Àjọ Ètò Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ti Ìpínlẹ̀ Kánò, tí a mọ̀ sí SUBEB, ló ga jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òfin 2004 pàṣẹ pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní i, ṣùgbọ́n ó fi ètò àti àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láti pinnu. Ohun tó wọ́pọ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ ni pé gómìnà ló ń yan alága àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tí iṣẹ́ náà jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn, a sì ń fi àwọn aṣojú kún wọn, irú bí aṣojú ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, ti ẹgbẹ́ olùkọ́, ti òbí àti ti àwọn obìnrin. Àjọ yìí ló ń gba olùkọ́, tó ń gbé wọn ga, tó ń gbé iṣẹ́ ìkọ́lé jáde, tó sì ń bá àjọ àpapọ̀, UBEC, ṣe àdéhùn owó.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fi èyí wé ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti Amẹ́ríkà. Lọ́hùn-ún, ìbò ni ará àdúgbò fi ń yan ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ náà sì lè gba ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́ kó sì lé e. Ní Kánò, ìgbìmọ̀ tó sún mọ́ òbí kò lè gba olùkọ́ kan ṣoṣo, èyí tó sì lè gbà á jìnnà sí òbí.

Bí ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀

Ká ní ìjì ṣí òrùlé kíláàsì kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ìgbìmọ̀ inú ilé-ẹ̀kọ́ yóò ṣèpàdé, yóò kọ ọ́ sínú ètò rẹ̀, yóò sì kọ̀wé sí Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́ ní Fagge. Bí iṣẹ́ náà bá kéré, wọ́n lè dáwó kí káfíńtà àdúgbò tún un ṣe. Bí ó bá ju agbára wọn lọ, ìjọba ìbílẹ̀ yóò gbé e lọ sí SUBEB, SUBEB yóò sì fi í sínú ètò iṣẹ́ tí yóò gbé lọ sí UBEC. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún àpò owó gbogboogbò ìjọba àpapọ̀ ni òfin 2004 yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìpínlẹ̀ tó rí èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ gbà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ìpín tirẹ̀ wá, èyí tí kò gbọdọ̀ dín ní ìdajì owó iṣẹ́ náà. Bí ìpínlẹ̀ kò bá mú un wá, owó náà yóò jókòó sí Àbújá, àwọn ọmọ yóò sì máa ka ìwé lábẹ́ oòrùn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè: bí ìpele kan bá dákẹ́, iṣẹ́ àwọn tó kù di asán.

Owó-oṣù olùkọ́ ní ìṣòro tirẹ̀. Ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ yóò bá ìpínlẹ̀ kópa nínú pípèsè ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti mímójú tó o. Láti inú àpò àjùmọ̀ní ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ni a ti máa ń san owó àwọn olùkọ́ náà. Ní oṣù keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé tààràtà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn. Ìdájọ́ náà sọ ìjọba ìbílẹ̀ di ọ̀gá owó ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún jí ìbẹ̀rù àwọn olùkọ́ tó rántí ọdún 1991 dìde, nígbà tí a fi gbogbo ẹrù náà lé ìjọba ìbílẹ̀ lórí.

Ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti jókòó?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan Yorùbá Sabon Gari gbọ̀ngbọ̀n. Abala 318 ìwé òfin 1999 ka ènìyàn sí ti ìpínlẹ̀ kan bí òbí rẹ̀ tàbí òbí òbí rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ àwùjọ tó jẹ́ onílẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí a bí ní Kánò, tí a bí bàbá rẹ̀ níbẹ̀, tó sì ń sọ Hausa bí ẹni mu omi, ṣì lè máa jẹ́ "ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn" nínú ìwé. Ó wọ́pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, ní àríwá àti ní gúúsù, pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ipò gbà nínú àjọ ìpínlẹ̀, bí wọ́n bá sì gbà á ní olùkọ́, ó lè jẹ́ fún ọdún tí a dá nìkan.

Ìgbìmọ̀ inú ilé-ẹ̀kọ́ yàtọ̀. Ìlànà rẹ̀ kò béèrè ibi tí baba ńlá ẹni ti wá. Pé ọmọ ẹni ń kàwé níbẹ̀, tàbí pé ẹni wà lára àwùjọ tó yí ilé-ẹ̀kọ́ náà ká, ti tó. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ jù lọ fún àwọn Yorùbá, Igbo àti àwọn mìíràn láti bá aládùúgbò wọn tó jẹ́ Hausa jókòó pinnu ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Àwọn baba wa ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Òbí tó bá fi àga rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo ti yọ̀ǹda kí ojú olójú máa wo ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè

Láti ọdún 1977 ni Ìlànà Àpapọ̀ fún Ètò Ẹ̀kọ́ ti sọ pé kí a fi èdè abínibí ọmọ tàbí èdè àdúgbò rẹ̀ kọ́ ọ ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní Sabon Gari, méjèèjì lè má jẹ́ ọ̀kan náà: Yorùbá ni èdè ilé, Hausa ni èdè àdúgbò, Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè ìdánwò. Ìlànà èdè ọdún 2022 gbìyànjú láti na lílo èdè abínibí dé òpin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2025 ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti fagi lé e. Ìgbìmọ̀ inú ilé-ẹ̀kọ́ kò lè yí ìlànà padà. Síbẹ̀, ó lè béèrè fún olùkọ́ tó gbọ́ èdè àwọn ọmọ, ó sì lè sọ nínú ètò rẹ̀ iye ọmọ tí Yorùbá jẹ́ èdè wọn.

Ẹ̀tọ́ ọmọ lábẹ́ òfin

Òfin 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án di ọ̀fẹ́ àti dandan: ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ girama. Òbí tó bá kọ̀ láti rán ọmọ rẹ̀ lọ yóò gba ìbáwí ní ìgbà àkọ́kọ́; ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n lè tẹ̀ lé e bí ó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó bá gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ti rú òfin. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS dájọ́, nínú ẹjọ́ tí àjọ SERAP pè, pé ẹ̀tọ́ tí a lè torí rẹ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́ ni ẹ̀kọ́ jẹ́ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Kò sí èyí tó ya ọmọ onílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ àlejò nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀, láti inú ilé-ẹ̀kọ́ dé ìpínlẹ̀, ni láti rí i pé ohun tí òfin kọ sínú ìwé dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó jókòó ní kíláàsì.