Hot Start Challenger 650

Hot Start Challenger 650 jẹ́ bàálù àfikún fún X-Plane, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìdánrawò ìwakọ̀ òfurufú nínú ilé. Ó jáde ní ọdún 2022. Bàálù aládàáni tí Bombardier ti orílẹ̀-èdè Kánádà ń ṣe, tí ó ní ẹ́ńjìnnì CF34 méjì, ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀.

Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé kì í gbàgbé: ipò tí a bá fi í sílẹ̀ sí lónìí ni a ó bá a lọ́la. Awakọ̀ méjì ni òfin ní kí ó máa wa Challenger gidi, nítorí náà iṣẹ́ ènìyàn méjì ni ẹni tí ó dá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà gbé lọ́wọ́, àyàfi tí ó bá pe ẹlòmíràn wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Cessna Citation CJ4 yàtọ̀. Òfin gba awakọ̀ kan ṣoṣo láyè láti wà á, ó sì wà nínú Microsoft Flight Simulator ti ọdún 2020 láìsí owó àfikún. Òun ni ó bá akẹ́kọ̀ọ́ mu jù.

Challenger yìí kò lè ṣiṣẹ́ nínú ètò ti Microsoft; ẹni tí kò bá ní X-Plane tí ó rà á ti fi owó ṣòfò.