Orlando Martins: Ọmọ Èkó nínú Sinimá Òyìnbó

Púpọ̀ nínú wa ni ó wo sinimá kábọ́ì nígbà èwe. A mọ orúkọ akọni tí ó gun ẹṣin. Ojú lásán ni a mọ̀ mọ ẹni tí ó dúró tì í. Irú òṣèré amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n ọmọ Èkó ni tiwa.

Ọdún 1899 ni a bí Orlando Martins. Àgùdà ni ìdílé baba rẹ̀. Ó ti jó Ẹ̀yọ̀ rí kí ó tó di ẹni tí ń ko èédú sínú iná ọkọ̀ ojú omi nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Nígbà tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó ru ẹrù ní ọjà ẹja Billingsgate, ó sì ja ìjàkadì gba owó.

Ní 1935, ó kópa nínú Sanders of the River, sinimá tí ó gbé ìjọba amúnisìn gẹ̀gẹ̀. Paul Robeson tí ó ṣe Bosambo kábàámọ̀ iṣẹ́ náà ní gbangba. Jomo Kenyatta pàápàá wà láàárín èrò tí wọ́n háyà fún un. Nígbà tí Martins fi ṣe baálẹ̀ nínú Simba ní 1955, sinimá tí ó dá lórí Mau Mau, ẹ̀wọ̀n ni Kenyatta wà, lórí ẹ̀sùn Mau Mau kan náà. Àwọn kan a máa bi í pé èé ṣe tí Martins kò fi kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti bèèrè. Robeson ní orin tí gbogbo ayé ń sanwó gbọ́. Ọjà ẹja ni ó ń dúró de Martins.

Kí a wo ohun tí ó fi àyè kékeré ṣe. Nínú The Hasty Heart, ti 1949, òun ni Blossom, ọmọ ogun Basuto tí ó dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn ológun ní Bọ́mà. Blossom kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ronald Reagan, tí ó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1981, wà lára àwọn tí ń sọ̀rọ̀ yí i ká. Síbẹ̀, bí Martins bá ti gbójú sókè, òun ni à ń wò. Èrò tèmi ni pé ìlú Èkó ni ó ti kọ́ ọ: ẹni tí ó wọ agọ̀ Ẹ̀yọ̀ rí, tí aṣọ bo ojú rẹ̀, tí ọ̀pámbàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti mọ bí a ti ń fi ìdúró sọ̀rọ̀.

Ó padà wálé nígbẹ̀yìn. Ní 1970, nígbà tí Ossie Davis fi eré Wọlé Ṣóyínká ṣe sinimá Kongi's Harvest ní Nàìjíríà, Martins wà níbẹ̀, ẹni àádọ́rin ọdún. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Kongi, ó sì kọ sinimá náà lẹ́yìn tí ó jáde. Ipò amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n tún fún Martins. Ní 1985 ni ó kú sí Èkó.