Orin Àwọn Aka, Ará Igbó

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe rò pé ẹni tí kò mọ̀wé kò gbọ́n. Àwọn Aka, tí ń gbé inú igbó ní ilẹ̀ Olómìnira Àárín Áfíríkà àti ní ìhà àríwá Kóńgò, kò kọ orin wọn sínú ìwé, síbẹ̀ ohùn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń so pọ̀ nínú orin kan ṣoṣo. Láti kékeré ni ọmọ wọn ti ń kọ́ ọ. Wọ́n ń kọ ọ́ nígbà ọdẹ, nígbà tí wọ́n bá pa àgọ́ titun, àti nígbà tí ẹnì kan bá kú.

Ní 1963, a rán Simha Arom lọ sí ilẹ̀ náà láti dá ẹgbẹ́ afunfèrè sílẹ̀. Orin àwọn ará ibẹ̀ ni ó gba ọkàn rẹ̀, ó sì gbà á sínú ẹ̀rọ. Ní 2003, UNESCO kéde orin àwọn Aka ní ohun iyebíye fún aráyé. Ní 2005, ó kéde Ifá tiwa pẹ̀lú.

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í ṣọdẹ. Bí a bá gé igi tán tí ẹran sì sá lọ, orin ọdẹ yóò di eré àlejò lásán. Ẹni tí yóò dá orin sí, kí ó kọ́kọ́ dá igbó sí. Àwa náà ńkọ́? Bí igbó tiwa bá tán, ẹran wo ni ọdẹ yóò máa kì nínú ìjálá?