Arẹ́gbẹ́ṣọlá àti kọ́kọ́rọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n

Ẹ̀yin ará wa ní Jeddo! Ní ìpàdé wa, tí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ẹ̀wọ̀n bá ti délẹ̀, ẹnìkan á ní, "Ṣebí ọmọ wa Arẹ́gbẹ́ṣọlá ṣe mínísítà ẹ̀ rí, kí ló ṣe fún wa?" Ìbéèrè yẹn ò burú, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí agbára ẹ̀ mọ.

Ọmọ Iléṣà ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, Ìkàrẹ́ ni wọ́n bí i sí ní 1957. Poli Ìbàdàn ló ti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Láti 1999 ló ti ń ṣe kọmíṣọ́nnà iṣẹ́ òde l'Ékòó lábẹ́ Gómìnà Bọ́lá Tinúbú. Ó du ipò gómìnà Ọ̀ṣun ní 2007, wọ́n ní kò wọlé. Ó gba kọ́ọ̀tù lọ, ó lé lọ́dún mẹ́ta kó tó jàre ní 2010. Òun fúnra ẹ̀ mọ bí ẹjọ́ ṣe ń pẹ́.

Lóṣù kẹjọ 2019, Ààrẹ Buhari fi í ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ọgbà ẹ̀wọ̀n, ìmígíréṣọ̀n, panápaná àti Civil Defence wà lábẹ́ ẹ̀. Ọlọ́pàá ò sí níbẹ̀ o, wọ́n ní mínísítà tiwọn lọ́tọ̀. Oṣù yẹn náà ni òfin tuntun jáde pé tí ọgbà ẹ̀wọ̀n bá ti kún ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ lè kọ̀ láti gba ẹlòmíì.

Síbẹ̀, wàhálà dé. Lóṣù kẹwàá 2020, nígbà EndSARS, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n méjì ní Bìní tó wà nítòsí wa yìí, ẹni 1,993 sá lọ. Ní 2021, ẹni 1,844 sá l'Owerri. Ọdún yẹn náà, 837 jáde ní Abólóǹgò l'Ọ̀yọ́. Ní 2022, ó lé ní 800 tó sá ní Kuje. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wà lọ́rùn ìjọba tó ń ṣojú fún, a ò ní bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ti Abólóǹgò dáadáa: gbogbo 837 yẹn ni kò tíì gba ìdájọ́. Nínú ẹni 10 tó wà lẹ́wọ̀n nígbà yẹn, bíi 7 ló ń dúró de ẹjọ́. Ọlọ́pàá ló ń mú wọn, kọ́ọ̀tù ló ń fi wọ́n ránṣẹ́. Mínísítà kàn di kọ́kọ́rọ́ mú ni, kò lè dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

A mọ̀ ọ́n lára. Ọmọ iṣẹ́ ọ̀kan nínú wa lo oṣù méje látìmọ́lé, ẹjọ́ ò bẹ̀rẹ̀. Àwa là ń gbé oúnjẹ lọ ní ọjọọjọ́ Sunday. Ìgbà tí a wá lọ́yà tó béèrè fáìlì ẹ̀ ló tó jáde.

Lóṣù kẹta 2023, kí Arẹ́gbẹ́ṣọlá tó kúrò, wọ́n tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe, ìpínlẹ̀ náà ti lè ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tiẹ̀. Ilé ẹ̀wọ̀n púpọ̀ kọ́ ló kù wá kù. Òfin ìpìlẹ̀ yẹn kan náà sọ pé tí kọ́ọ̀tù bá wà nítòsí, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé ẹni tí wọ́n mú débẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá mú ọmọ wa, ẹ kọ ọjọ́ àti àgọ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì pe ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó di oṣù méje.