Onígbọ̀wọ́, Olùpolówó àti Atọ́kùn: Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ Ìpolówó Nínú Eré Ìdárayá Orí Amóhùnmáwòrán

Kò sí ẹni tó ní láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìpolówó. Kí iléeṣẹ́ ìpolówó tó dáyé ni àwọn alákiri ti ń fi ohùn orin yin ẹ̀kọ àti òlèlè wọn ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ọ̀rọ̀ náà kàn bá ọjà wọ inú amóhùnmáwòrán ni. Ní Amẹ́ríkà, ìdí eré ìdárayá gan-an ni irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: aago Bulova ni iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNBT fi han àwọn òǹwòran ní New York ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1941, kété kí ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Brooklyn Dodgers àti Philadelphia Phillies tó wọ pápá.

Onígbọ̀wọ́ ló gba àròjinlẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tó dúró fún ayáwó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bí ayáwó bá sá lọ, onígbọ̀wọ́ ni olówó á dì mú. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó gbé owó kalẹ̀ fún ìdíje, tí wọ́n ń pè ní onígbọ̀wọ́ lónìí, kò dúró fún ẹnikẹ́ni. Ojú òǹwòran ló ń rà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ àwọn oníròyìn lẹ́nu, kò sì burú, bí wọn kò bá ti fi pe ẹni tó kàn ra ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín eré. Olùpolówó lásán nìyẹn. Owó ńlá wà nínú ìyàtọ̀ yìí. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Los Angeles ní 1984, Fuji, iléeṣẹ́ fíìmù fọ́tò, ni onígbọ̀wọ́. Kodak, abánidíje rẹ̀, lọ ra àkókò lórí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán ABC tó ń gbé eré náà sáfẹ́fẹ́. Ìpolówó alúgọ lèyí.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń kún inú àwọn ìwé ìròyìn bí Advertising Age, tó bẹ̀rẹ̀ ní Chicago ní 1930, àti Marketing Edge ní Nàìjíríà: ta ló ra àkókò, èló ló rà á, ojú mélòó ló wò ó. Bí ènìyàn bá pè wọ́n ní “ìwé ìròyìn ìpolówó”, ẹni tó gbọ́ á rò pé ìpolówó ló kún inú wọn. Ìwé ìròyìn oníṣẹ́ ìpolówó ló tọ́.

Ọ̀dọ̀ egúngún ni atọ́kùn ti wá. Òun ló ń ṣáájú eégún, tó ń darí rẹ̀ láàárín èrò. Ó bá ẹni tó ń darí ètò, tó ń pe ìpolówó wọlé, mu. Ẹni tó ń sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ kò darí nǹkan kan, ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù ló ń tẹ̀ lé. Aṣàpèjúwe eré ló yẹ é. Ti àwọn ọ̀rọ̀ àyálò bíi góòlù àti rẹfirí kò le: àwọn tó ń wo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Crown FC ní pápá ìṣeré Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti sọ wọ́n di Yorùbá, kò sì sí ìwé atúmọ̀ èdè tó máa gbà wọ́n lẹ́nu wọn.