Ta Ni Iná “Check Engine” Ń Ṣiṣẹ́ Fún?

Tí iná “check engine” bá tàn, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn púpọ̀ nínú wa ni pé owó fẹ́ jáde. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń fi òfin gbé iná yìí kalẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ará ìlú ló jẹ wọ́n lógún ju àpò onímọ́tò lọ.

Los Angeles ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1940 ni èéfín kan ti ń bo ìlú náà, tí ojú ń ta àwọn èèyàn bí ẹni tó ń fẹ́ iná igi tútù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, onímọ̀ kẹ́mísìrì kan, Arie Haagen-Smit, fi hàn pé èéfín mọ́tò àti ti iléeṣẹ́ ìfọpo ló ń pàdé oòrùn tó fi ń di májèlé. Ní 1967, ìpínlẹ̀ California dá àjọ CARB sílẹ̀ láti mójú tó afẹ́fẹ́. Haagen-Smit yìí kan náà ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́.

Àjọ yìí ló pàṣẹ pé, láti orí mọ́tò ọdún 1988, kọ̀ǹpútà inú mọ́tò gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ àwọn ẹ̀yà tó ń dín èéfín kù, kó sì tan iná tí nǹkan bá bàjẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ èdè tiẹ̀. Nínú mọ́tò míì, ẹ máa fi wáyà so ojú méjì pọ̀ ni, kẹ́ ẹ wá máa ka iye ìgbà tí iná ṣẹ́jú: ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó sinmi, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. 12 nìyẹn.

Ní 1996, òfin yí ìyẹn padà. Gbogbo ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní ojú ìhò kan náà, eléyín 16, lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀, àti kóòdù tó bára mu. OBD-II ni wọ́n pè é. Ẹ wo P0301: P ni ẹ̀ńjìnnì àti gíà, 0 ni pé kóòdù àjùmọ̀lò ni, 3 ni ọ̀rọ̀ iná tó ń jó epo, 01 ni sílíńdà kìíní. Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì ní Ládípọ̀, ní Mushin, fi lè ki skánà kékeré bọ tòkùnbọ̀, kó sì ka nọ́ńbà kan náà tí ẹnìkejì rẹ̀ ń kà ní Detroit.

Ẹlẹ́rìí lásán ni kóòdù o. Ìwádìí ṣì kù. P0301 ò sọ bóyá púlọ́ọ̀gì ló kú àbí kọ́ìlì. Mẹkáníìkì tó gbọ́n á gbé kọ́ìlì kìíní sórí sílíńdà kejì, á pa kóòdù rẹ́, á wa mọ́tò náà díẹ̀. Tó bá di P0302, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Tí 01 bá ṣì wà níbẹ̀, ó kan púlọ́ọ̀gì. Kò tíì ná yín ní kọ́bọ̀.

Ibi tó kan àwa tí à ń kọ sọ́fíwíà gan-an nìyí: ẹni tó lè mú kọ̀ǹpútà sọ òótọ́ lè mú un parọ́. Ní 2015, ìjọba Amẹ́ríkà tú àṣírí Volkswagen: sọ́fíwíà inú mọ́tò díísù wọn máa ń mọ̀gbà tí wọ́n ń dán èéfín wò, á sì ṣe ọmọlúàbí títí ìdánwò á fi parí. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 mọ́tò ló wà níbẹ̀ káàkiri ayé. Àwọn èèyàn bíi tiwa ló kọ ọ́.

Nítorí náà, tí mẹkáníìkì bá ní òun ti “pa iná yẹn,” ẹ bi í pé kí ló tún ṣe. Kó tó pa á rẹ́ pàápàá, ẹ ní kó kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ fún yín.